Omi tí Ìyá Mi Fi Pàdé Ohun tó Já Bọ́ láti Òfurufú

Ohun kan já bọ́ láti gbalasa òfurufú sí àgbàlá wa ní Aduwawa, ó ba ẹ̀dọ̀fóró ìyá mi jẹ́, àwọn tó wá gbé e lọ sì kọ̀ láti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún dókítà tó ń tọ́jú ìyá mi.

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ohun tí mò ń bínú sí kò yé òun. Wọ́n ti ní kí n fara balẹ̀. Wọ́n ti ní kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní bóyá àmì ni. Kì í ṣe àmì. Táǹkì ni. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama kan lẹ́bàá Airport Road, mo sì mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín àmì àti táǹkì.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìyá mi ti fẹ́ràn àwọn arìnrìn-àjò òfurufú, torí ibẹ̀ ni omi náà ti wá.

Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, mo mú un kúrò ní Ìlẹ̀ Olùjì wá sọ́dọ̀ mi ní Benin. Aránṣọ ni. Kò gbọ́ èdè Ẹ̀dó, Píjìn rẹ̀ kò sì ju èyí tó fi ń ná ata lọ́jà lọ. Ọmọ mi obìnrin, tí mo bí sí ìlú yìí, gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ṣùgbọ́n Píjìn ló fi ń dáhùn. Àwọn méjèèjì á jókòó, ọ̀kan á ju Yorùbá, èkejì á ju Píjìn padà, kò sì sígbà kan tí ọ̀rọ̀ bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Lọ́sàn-án tí a kò bá sí nílé, ọwọ́ máa ń dilẹ̀ fún ìyá mi, ilé á sì sú u. Nítorí náà, tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ń múra ohun tí n óò kọ́ àwọn ọmọ lọ́la, á gbé ẹ̀wà tó ń ṣà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa bá mi wo inú fóònù.

Ohun tí mò ń wò jù ni bí ọkọ̀ ṣe ń ti gbalasa òfurufú padà wá sílé. Àtilọ wọn kì í wù mí bẹ́ẹ̀. Iná àti ariwo ni. Àbọ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyá mi rí ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ bí ẹyin iná lójú ọ̀run, ó ju ẹ̀wà sílẹ̀.

"Ó ti tán. Wọ́n ti jóná."

"Wọn ò jóná, Màmá. Wọ́n ń bọ̀ wálé ni."

"Nínú iná?"

Mo ṣàlàyé. Ọkọ̀ tó ń yí ayé po ń sáré débi pé èèyàn ò ní tíì ka ení, èjì dé ogójì tí yóò fi ti Benin dé Èkó. Epo tí ì bá fi dá irú eré bẹ́ẹ̀ dúró pọ̀ ju èyí tó lè gbé lọ sókè. Nítorí náà, wọ́n á yí ìdí ọkọ̀ síwájú, wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì fún ìgbà díẹ̀, kí eré náà kàn dín kù tó èyí tí ilẹ̀ yóò fi lè fà á sọ̀ kalẹ̀. Ìyókù, afẹ́fẹ́ ni yóò ṣe é. Afẹ́fẹ́ ni bíréékì. Ọkọ̀ á máa ki afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ mọ́ra wọn bí ẹni ń fi pọ́ǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́. Ṣé ẹ̀yin náà mọ̀ pé pọ́ǹpù máa ń gbóná mọ́ni lọ́wọ́? Òun náà ni, àmọ́ tiwọn gbóná débi tí irin á fi yọ́.

"Kí ló dé tí ìdí rẹ̀ fi fẹ̀ bí ìdí ìkòkò?" ó bi mí. "Wọn ì bá ṣe é ní ṣónṣó bí ọfà, kó tètè wọlé."

"Tó bá ṣónṣó, ooru á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ni. Ìdí fífẹ̀ yẹn ló ń ti afẹ́fẹ́ gbígbóná jìnnà sí i. Wọ́n sì tún fi asà bo ìdí náà, asà tí wọ́n ṣe kó lè máa jóná díẹ̀díẹ̀, kó máa bó dànù, kó máa gbé ooru lọ."

"Èèpo iṣu," ni ìyá mi wí. "Èèpo ló ń jóná kí iṣu má baà jóná."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Màmá."

"Àmọ́ iṣu inú ẹ̀ á jinná o, Tíṣà!"

Tíṣà ló ń pè mí tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní wọn kì í jẹ́ kó pẹ́ lórí iná tó bẹ́ẹ̀.

Mo tún sọ fún un nípa ẹnu ọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá doríkodò jù wọ inú afẹ́fẹ́, á jóná tàbí kó rún àwọn tó wà nínú rẹ̀. Bó bá sì wọ̀ ọ́ ní pẹlẹbẹ jù, á ta padà sókè bí òkúta tí ọmọdé fi sọ ojú odò. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì kò fẹ̀.

"Bí ẹni ń wọ ilé àna nìyẹn," ó wí. "O ò gbọdọ̀ já wọlé gìrì, o ò sì gbọdọ̀ pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n má baà ní o ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀."

Bó ṣe di olólùfẹ́ wọn nìyẹn. Ibi tó máa ń bà á lẹ́rù jù ni ìgbà tí iná bá yí ọkọ̀ ká, tí àwọn tó wà nílẹ̀ kò lè gbóhùn àwọn tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ á dúró nínú ẹ̀wà. Ètè rẹ̀ á máa lọ, mo mọ̀ pé àdúrà ló ń gbà. Tí ohùn bá tún wọlé, tí àwọn agbòjò aláṣọ kéékèèké tó ń dín eré ọkọ̀ kù bá kọ́kọ́ já jáde, tí àwọn ńlá bá tẹ̀ lé wọn, á pàtẹ́wọ́, á ké sí fóònù pé, "Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ewu ọ̀nà!" Ọmọ mi á ní, "Grandma, dem no dey hear you." Òun á ní, "Ta ló bi ẹ́?"

Lọ́jọ́ tó rí i pé inú òkun ni ọkọ̀ náà balẹ̀ sí, ó ṣe hẹ̀n-ẹ́n bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé.

"Ẹ̀yin ẹ pè é ní físíìsì. Omi ni wọ́n fi pàdé wọn. Ẹni tó ti ìrìn jíjìn dé, omi ló yẹ kó kọ́kọ́ kàn."

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ní ilé wa, ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé kì í fi ẹsẹ̀ gbígbóná wọlé. Ìyá mi á bu omi tútù, á dà á sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á kí i kú ewu, kó tó jẹ́ kó kọjá. Ó ṣe é fún bàbá mi ní gbogbo ìgbà tó bá ti òkè ọya dé. Ó ṣe é fún mi nígbà tí mo parí yunifásítì. Ó ń ṣe é fún ọmọ mi tí iléèwé bá kó wọn lọ sí ìlú mìíràn, ọmọ náà á sì máa pariwo pé, "Grandma, my shoe! My shoe!"

Gbogbo ọkọ̀ tí mo fi han ìyá mi, àwọn tó ṣe wọ́n ti ro àbọ̀ wọn kí wọ́n tó ro àlọ wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n jù sókè ni wọ́n ro àbọ̀ rẹ̀. Ìdajì rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé wọn lọ, àwọn táǹkì rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ tó ti kú, wọ́n máa ń fi púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀ kó máa yí ayé po títí afẹ́fẹ́ á fi fà á wálẹ̀ níbi tó bá ṣe kòńgẹ́. Kò sí asà, kò sí agbòjò. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń jóná tán lójú ọ̀run. Àwọn táǹkì roboto kan wà tí kì í jóná, torí pé irin tí wọ́n fi ṣe wọ́n le ju iná náà lọ. Àwọn tó ń ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ọ̀sán Sátidé ni. Mo wà níléèwé, mò ń fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde ní ẹ̀kọ́ àfikún. Ọmọ mi pè mí lórí fóònù.

"Mummy, something fall from sky for our backyard. E don break the pawpaw tree."

"Ṣé kò sí ẹni tó ṣèṣe?"

"Nobody wound. But Grandma dey baff am."

"Ó ń wẹ ta ni?"

"The thing. The round thing. She say e don waka tire."

Mo pariwo débi pé àwọn ọmọ kíláàsì dìde. Mo ní kó fà á kúrò níbẹ̀, kí àwọn méjèèjì sá lọ sójú títì. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́yìn rẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ohùn tó fi ń kí àlejò. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó wúkọ́.

Láti Airport Road dé Aduwawa, gbogbo Benin ni mo là kọjá. Nígbà tí mo délé, ìyá mi jókòó lórí àpótí ní ẹ̀yìn ilé. Nǹkan náà wà níwájú rẹ̀ lórí ìró àdìrẹ rẹ̀ kan, ó tóbi tó ìkòkò tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ìgbéyàwó, ohun dúdú bí irun tó jó lẹ̀ mọ́ ọn lára káàkiri. Ó ti fi ọwọ́ lásán bó púpọ̀ nínú irun náà kúrò. Ibi tí páìpù kan ti kán lára rẹ̀ ń rùn, òórùn bí ìtọ̀ tó pẹ́ nílé adìyẹ, pẹ̀lú ẹja díẹ̀ nínú rẹ̀. Ojú ìyá mi pọ́n bí ata.

"Tíṣà," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín, "àlejò rẹ dé."

Mo gbé e sẹ́yìn bí ọmọdé.

"Kò tiẹ̀ gbóná," ó ń sọ bí mo ṣe ń gbé e lọ. "O ní wọ́n máa ń gbóná."

Lóòótọ́, kì í gbóná. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gba eré lọ́wọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tán, ó máa ń já bọ́ gba inú òtútù gígùn kó tó kanlẹ̀. Ara tútù ló fi wọlé. Bí ó bá gbóná ni, ìyá mi ì bá má fọwọ́ kàn án.

Ní ọsibítù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n fi omi ṣan ojú rẹ̀, wọ́n ní tí mímí bá ń ni ín lára kí a padà wá. Aládùúgbò wa, ọmọ Ẹ̀dó kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìjọba, ló pe ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọkùnrin kan dé nínú ọkọ̀ méjì. Wọ́n ní láti ọ́fíìsì ìjọba làwọn ti wá. Kò sí orúkọ lára aṣọ wọn. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ gbogbo wọn dé ìgúnpá, ìbòmú tó nípọn sì wà lójú wọn, irú èyí tó bo imú àti ojú pọ̀. Ìyá mi, tó ń wúkọ́ lórí àga ní fàráńdà, ní kí ọmọ mi gbé omi tútù fún àwọn àlejò. Ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó wo ife náà.

Mo lọ bá ọ̀gá wọn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú rẹ̀?"

Yorùbá ni ó fi dá mi lóhùn, ìyẹn gan-an dùn mí jù. "Irin ni, màdáámù."

"Mo mọ̀ pé irin ni. Inú irin ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀."

"Kí wá ni ìbòmú wà fún?"

"Eruku ni."

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ eruku.

Wọ́n gbé táǹkì náà sínú àpótí onírọ́bà, wọ́n dè é. Wọ́n gbé abọ́ tí ìyá mi fi bu omi. Wọ́n ká ìró àdìrẹ tó fi nù ún, wọ́n fi sínú ọ̀rá méjì. Wọ́n fi ṣọ́bìrì ha ilẹ̀ ibi tó wà, wọ́n kó ilẹ̀ náà lọ. Wọ́n gba fóònù ọmọ mi, wọ́n pa fídíò tó ti yà rẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí mo fẹ́ kó yé yín: wọ́n kó gbogbo ohun tí omi náà kàn lọ, àfi ìyá mi. Aṣọ tó fi nù ún léwu tó kí wọ́n fi ọ̀rá méjì dì í. Ọwọ́ tó mú aṣọ náà ńkọ́? Wọn ò bi í bó ti jí.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìyá mi kò lè rìn láti yàrá dé bálùwẹ̀ kó má jókòó lójú ọ̀nà. Dókítà tó gbà á sí ọsibítù jẹ́ ọmọ Èkìtì, ó sì fi ara balẹ̀ fún wa. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un: pé oríṣi olómi méjì ló sábà máa ń wà nínú irú táǹkì bẹ́ẹ̀, májèlé sì ni àwọn méjèèjì, pé ọ̀kan máa ń bá ẹ̀dọ̀ àti iṣan jà pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró, èkejì máa ń dọdẹ ẹ̀dọ̀fóró ní kọ̀rọ̀, pé òórùn tí mo gbọ́ jọ ti èkínní, ṣùgbọ́n ẹ̀rí wà lọ́dọ̀ àwọn tó gbé e lọ.

"Ẹ bá mi mú orúkọ ẹ̀ wá, ma," ó wí. "Ohun tó ti bàjẹ́ ò ní padà, mi ò ní tàn yín. Àmọ́ èyí tó kù lára Màmá, tí mo bá mọ ohun tí mò ń bá jà, mo mọ ibi tí n óò dúró sí. Báyìí, mò ń ta ọfà sínú òkùnkùn ni."

Orúkọ kan ṣoṣo. Òun ni mò ń wá kiri láti ìgbà yẹn.

Ọ́fíìsì àkọ́kọ́ tí mo lọ ní kò sí ìròyìn kankan lọ́dọ̀ àwọn pé nǹkan já bọ́ sí Aduwawa. Mo ní mo rí àwọn òṣìṣẹ́ yín. Wọ́n ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn. Mo lọ sí Abuja. Obìnrin kan níbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè òkèèrè ni, pé kí n padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìpínlẹ̀ mi. Mo sọ fún un pé àdéhùn wà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, pé ẹni tó fi nǹkan ránṣẹ́ sókè ni yóò dáhùn fún ohun tó bàjẹ́ nílẹ̀. Ó ní òótọ́ ni. Ó ní ṣùgbọ́n ìjọba ló ń bi ìjọba, ẹnì kan lásán kò lè dìde láti Benin kó lọ máa bi ìjọba ẹlòmíràn léèrè. Mo ní kí ìjọba mi bá mi bi wọ́n nígbà náà. Ó ní ìjọba ò lè béèrè nípa ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Mo padà lọ bá aládùúgbò wa, ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí i, tó pe ọlọ́pàá fúnra rẹ̀. Mo ní kó wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó wo ojú títì, ó ní, "My sister, I dey collect pension. I no see anything." Mi ò bínú sí i tó bó ṣe yẹ. Wọ́n ti lọ bá a kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni.

Ìyá mi wà nílé báyìí. Ọ́síjìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ méjì, á mí, á tún sọ méjì. Kò lè ṣa ẹ̀wà mọ́ torí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Yorùbá wọ́gọwọ̀gọ, kí ìyá mi má baà ṣe wàhálà láti túmọ̀ Píjìn. Mi ò sọ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, ìyá mi ní kí n gbé fóònù wá. "Kò sí... ẹni tó ń bọ̀?" ó bi mí. Ẹnì kan ń bọ̀ lóòótọ́. A wò ó: ìdí fífẹ̀ náà, iná náà, ìdákẹ́jẹ́ náà. Ètè rẹ̀ kò lọ ní tọ̀tẹ̀ yìí. Àwọn agbòjò ṣí. Ọkọ̀ balẹ̀ sínú òkun, àwọn ọkọ̀ ojú omi sì sáré lọ pàdé rẹ̀. Kò pàtẹ́wọ́.

Àwọn tó kọ́kọ́ sún mọ́ ọn wọ ìbòmú. Ọ̀kan nínú wọn na ẹ̀rọ kékeré kan sí ara ọkọ̀ náà, ó ń gbé e yí i ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ń dúró. Kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn fún wọn títí ẹni náà fi gbọ́wọ́ sókè pé ó ti dára.

"Kí ló... ń ṣe yẹn?" ìyá mi bi mí.

Mo ti fi fídíò bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo mọ ìdáhùn. Ó ń wò bóyá májèlé ń jò níbẹ̀ ni, kó má baà pa ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Ẹnu mi kò gbé e.

Ìyá mi wo ojú mi, ó wo fóònù. "Ó ti... yé mi," ó wí. Ó yí ojú sí ògiri.

Ẹ̀yin tí ẹ wọ ìbòmú wá sí àgbàlá mi, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ta ló sọ fún yín pé kí ẹ wọ̀ ọ́? Ẹni náà mọ ohun tó wà nínú táǹkì. Kí ló dé tí dókítà kò gbọdọ̀ mọ̀? Níbo ni táǹkì náà wà lónìí? Ìjọba wo ló ni ín? Ẹ̀yin tí ẹ jù ú sókè, tí ẹ mọ̀ pé iná kò ní jẹ ẹ́, ta lẹ rò pé yóò jáde lọ pàdé rẹ̀ níbi tó bá já sí? Ẹ̀yin tí ẹ ní kò ṣẹlẹ̀, kí lẹ wá fi ìró ìyá mi ṣe?

Ẹ lè fi àwọn tó kù sílẹ̀. Ẹ dáhùn ọ̀kan péré, kí èémí tó kù fún un má baà tán kí ẹ tó dáhùn: kí ló wà nínú rẹ̀?